Adenium lásìkò òjò

Ẹ̀yin ará wa, òjò ti ń ṣú bọ̀. Ẹ gbé Adenium yín (òdòdó onídìí wíwú tí wọ́n ń pè ní "desert rose") sábẹ́ ìbòrí tí oòrùn ń wọ̀. Omi ló ń pa á ní Ìjẹ̀bú, kì í ṣe ọ̀gbẹlẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ pupa nìkan kò bá a lára mu. Ẹ po yanrìn olókùúta wẹ́wẹ́ ìdá 2 (kì í ṣe èyí tí bíríkìlà fi ń rẹ́ ògiri o), èédú wẹ́wẹ́ ìdá 1, ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà dáadáa ìdá 1. Ìkòkò gbọ́dọ̀ nihò nídìí. Bí ìdí Adenium tó wú bá rọ̀ lọ́wọ́, ó ti ń rà nìyẹn: ẹ hú u, ẹ gé e títí dé ibi tó le, kí ó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ 1 kí ẹ tó tún un gbìn. Oje rẹ̀ ní májèlé; ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ lé ewúrẹ́ jìnnà sí i.