Ẹ Fi Ìrù Ajá Sílẹ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Tó Ń Sin Ajá

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ ra ọmọ Rottweiler, Dobermann tàbí Boerboel ló máa ń kọ́kọ́ bèèrè bóyá wọ́n ti gé ìrù rẹ̀. Nítorí ìbéèrè yìí ni àwọn tó ń sin ajá fún títà ṣe máa ń gé ìrù ọmọ ajá láàárín ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ karùn-ún tí ìyá rẹ̀ bí i, nígbà tí ojú rẹ̀ kò tíì là. A kọ ìwé yìí láti rọ̀ yín pé kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, àti láti sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe bí ìrù ajá bá fara pa lóòótọ́.

Àṣà náà ti pẹ́ láyé. Columella, ará Róòmù tó kọ̀wé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn, sọ pé àwọn darandaran ìgbà náà gbà pé bí wọ́n bá gé ìrù ọmọ ajá, kò ní ya dìgbòlugi. Ìrù kò kan dìgbòlugi rárá. Inú itọ́ ajá tó ti ní àrùn náà ni kòkòrò tó ń fà á wà, ojú ibi tí ajá bá ti gé èèyàn tàbí ẹranko jẹ ló sì sábà máa ń gbà wọlé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń dènà rẹ̀: ẹ jẹ́ kí ọmọ ajá gba àkọ́kọ́ nígbà tí ó bá pé oṣù 3, kí ó sì máa gbà á lọ́dọọdún. Owó tí ẹ̀ bá san fún ẹni tó máa gé ìrù, ẹ jọ̀wọ́, abẹ́rẹ́ yìí ni kí ẹ fi gbà.

Wọ́n tún máa ń sọ pé ọmọ ajá ọlọ́jọ́ mẹ́ta kò mọ ìrora. Ẹni tó bá ti dúró níbẹ̀ rí, tó gbọ́ igbe rẹ̀, kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Awọ, ẹran, eegun àti iṣan tó ń gbé ìrora dé ọpọlọ ni wọ́n ń gé pa pọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà láìsí oògùn tí kì í jẹ́ kí ara mọ ìrora. Ojú egbò lè kẹ̀, orí iṣan tí wọ́n gé sì lè di kókó kékeré tí á máa dun ajá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà kan, wọ́n gbé ọmọ ajá márùn-ún wá bá mi nínú páálí, wọ́n ní wọn kò mu ọmú mọ́. Nígbà tí mo fi òwú tútù nu ìdí wọn ni mo tó rí rọ́bà tí wọ́n fi so ìrù wọn kí ó lè já fúnra rẹ̀. Ara ti wú bò ó, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dúdú, ó sì ń rùn. Méjì kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó ni wọ́n kì í ṣe ìkà. Ohun tó bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní ṣíṣe lòun náà ṣe.

Ìrù ni ajá fi ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá nà án sókè gan-an, tó le, tó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, ẹ tètè pe àwọn ọmọdé kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ká a sáàárín ẹsẹ̀, ẹ̀rù ló ń bà á, ajá tí ẹ̀rù ń bà sì lè géni jẹ. Ẹni tó bá gé ìrù ajá tó ń ṣọ́ ilé rẹ̀ ti mú ìkìlọ̀ yìí kúrò lọ́wọ́ ará ilé àti àlejò.

Àwọn mìíràn ní kí ìrù má baà fara pa lọ́jọ́ iwájú ni àwọn ṣe ń gé e. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 2010, fi hàn pé nǹkan bí ajá 500 ni wọ́n máa gé ìrù wọn kí ọ̀kan ṣoṣo tó bọ́ lọ́wọ́ ìfarapa ìrù. Òótọ́ ni pé ewu náà pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn ajá ọdẹ kan tó ń sáré nínú igbó ẹlẹ́gùn-ún, ṣùgbọ́n ajá tó ń ṣọ́ géètì kò sí lára wọn. Ní Jámánì, níbi tí Rottweiler ti ṣẹ̀ wá, òfin ti ka gígé ìrù rẹ̀ léèwọ̀ láti 1998. Rottweiler tó ní ìrù gígùn ni wọ́n ń sìn níbẹ̀ báyìí. Nítorí náà, ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní ajá tó ní ìrù kì í ṣe ojúlówó.

Bí ilẹ̀kùn bá há ìrù mọ́, tàbí tí ọ̀kadà gùn ún, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ rírọ̀ di ajá lẹ́nu, nítorí ìrora lè mú kó gé olówó rẹ̀ jẹ. Ẹ po ṣíbí ìmutíì kan iyọ̀ mọ́ ìdajì lítà omi tí ẹ ti sè, tó sì ti tutù, kí ẹ fi fọ ojú egbò. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10 títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá, lẹ́yìn náà kí ẹ wé e láì fún un jù. Ẹ má da kẹrosíìnì, epo bẹntiróòlù tàbí òróró ẹ́ńjìnnì sí i. Bí ìrù bá tutù, tó dúdú, tó ń rùn tàbí tó ní ìdin, ẹ gbé ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Ábẹ́òkúta. Bí dókítà bá rí i pé gígé nìkan ló kù, oògùn tí kì í jẹ́ kí ara mọ ìrora ni yóò kọ́kọ́ lò.

Ẹni tó bá sì fẹ́ ra ọmọ ajá, kí ó bá ẹni tó ni ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí oyún ṣì wà nínú, kí ó sọ fún un kedere pé òun fẹ́ ẹ pẹ̀lú ìrù rẹ̀. Tí ó bá dúró di ìgbà tó bá lọ wò ó ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, wọ́n á ti gé e.