Kí data yín má baà jóná: bí a ṣe ń to Thunderbird sórí kọ̀ǹpútà tuntun

Iṣẹ́ mi ni kí n máa to kọ̀ǹpútà fún àwọn oníṣòwò n'Íbàdàn, tòkunbọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Bí wọ́n bá ní kí n bá wọn gbé ímeèlì sí i, Thunderbird, ètò tí a fi ń ka ímeèlì tí a sì fi ń kọ ọ́ lórí kọ̀ǹpútà, ni mo máa ń gbé sí i. Ọ̀fẹ́ ni, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì lọ, ẹ ṣì máa rí lẹ́tà yín kà, èsì tí ẹ bá kọ á dúró sínú Outbox, ibi tí lẹ́tà tí kò tíì lọ ń wà.

Ẹ kọ́kọ́ wo aago. Kọ̀ǹpútà tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé máa ń gbé aago ibẹ̀ wá. Láti ìparí oṣù kẹta sí ìparí oṣù kẹwàá, aago wọn bá tiwa dọ́gba, ẹ ò ní fura. Tó bá di oṣù kọkànlá, lẹ́tà tó wọlé láago mẹ́wàá á ní aago mẹ́sàn-án lòun dé. Ní Time zone, ẹ yan West Central Africa. Bí ọjọ́ bá sì ń padà sí ọdún àtijọ́ nígbàkigbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ, bátìrì kékeré inú rẹ̀ ló kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Tí ọjọ́ bá ti ṣì, Thunderbird lè kọ̀ láti wọlé, ẹ ó máa dá password lẹ́bi.

Orí thunderbird.net ni kí ẹ ti gbà á. Ẹ tẹ orúkọ àti àdírẹ́sì yín. Bó bá jẹ́ Gmail, ojú ìwé Google á ṣí, ibẹ̀ lẹ ó ti fi password wọlé. IMAP, tó ń fi lẹ́tà sílẹ̀ lórí server (kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó ń gbé ímeèlì yín), ni kí ẹ yàn, ẹ fi POP, tó ń kó lẹ́tà wá sórí kọ̀ǹpútà yín, sílẹ̀: kọ̀ǹpútà tí wọ́n lè jí nínú dánfó kọ́ ló yẹ kó dá lẹ́tà ilé iṣẹ́ gbé. Bí àdírẹ́sì bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ yín fúnra yín, ẹ bi ẹni tó ń gbé wẹ́ẹ̀bù yín ní orúkọ server. Fún gbígba lẹ́tà, port (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà server) 993 ló sábà máa ń jẹ́. Fún fífi ránṣẹ́, 465 tàbí 587.

Ibi tí data ń gbà jóná rè é. Bó bá ti wọlé tán báyìí ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo lẹ́tà ọdún pípẹ́ bọ̀, àti fọ́tò àti invoice inú wọn. Nítorí náà, kíá, ẹ tẹ àmì kékeré ìsàlẹ̀ lápá òsì, kó di Offline. Ẹ wá lọ sí Account Settings, lábẹ́ Synchronization & Storage, ẹ yan “Synchronize the most recent”, kí ẹ fi 30 Days sí i. Ẹ tún máàkì “Don't download messages larger than”. 50 KB tó wà níbẹ̀ dára. Àkòrí lẹ́tà àtijọ́ ṣì máa hàn, inú rẹ̀ ni kò ní wọlé àfi tí ẹ bá ṣí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ níbí. Lábẹ́ rẹ̀ gan-an ni ìlà mìíràn wà tó ń sọ̀rọ̀ nípa “Delete messages more than”, tòun náà sì lè gbé 30 dání. Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ìyẹn máa ń pa lẹ́tà rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà àti lórí server pọ̀. “Don't delete any messages” ni kó wà. Ẹ wá padà sí Online.

Ẹ fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì yín mìíràn. Tó bá ń gbà ṣùgbọ́n tí kò fi ránṣẹ́, inú Outgoing Server ni ẹjọ́ wà.

Bí ẹ bá ń lo POP lórí ẹ̀rọ àtijọ́, lẹ́tà inú rẹ̀ kò ní tẹ̀ lé yín wá. Ẹ tẹ Alt nínú Thunderbird tó wà níbẹ̀ kí ménù jáde, Tools, Export, ẹ kó fáìlì náà sórí flash, ẹ wá ṣe Import lórí tuntun. Bí lẹ́tà bá ju 2 GB lọ, Export yìí ò ní gbé e. Folder Profile, ibi tí Thunderbird ń kó lẹ́tà yín sí, gan-an lẹ máa dà kọ. Ẹ ṣí lẹ́tà àtijọ́ kan, pẹ̀lú fáìlì inú rẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà tuntun kí ẹ tó ta èyí tẹ́lẹ̀. Kí ẹ tó tà á náà, ẹ yọ àkáǹtì yín kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ sì lé e jáde nínú Your devices ní Google.