Bí A Ṣe Ń Gba Oríkì Orílẹ̀ Sílẹ̀ Nílùú Ẹni

Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ ọmọ ìlú tó ń ṣe ìwádìí nílé jẹ́ ni pé àwọn àgbà gbà pé ó ti mọ̀ ọ́n. Ẹ bi ìyá àgbà ní ìdí "Ìjàkadì lorò Ọ̀fà", ẹsẹ kan nínú oríkì Ọ̀fà, yóò ní, "Ṣebí ọmọ Ọ̀fà ni ọ́?" Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Àlejò ni wọ́n ń là á yé. Nítorí náà, ẹ tètè bẹ̀ wọ́n: "Ìyá, ẹ sọ ọ́ bí ẹni pé n kò gbọ́ ọ rí, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ìdálẹ̀ ni yóò gbọ́ ọ." Bí wọ́n bá ki oríkì náà tán, ẹ padà sí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan: ta ló jà, ta ló dá ta?

Ẹ má fi agboolé tiyín bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kí ọba tàbí baálẹ̀, lẹ́yìn náà olórí ilé kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀rọ̀ oyè bá wà nílẹ̀, tó sì jẹ́ ilé bàbá yín nìkan lẹ dé, wọn á ní ẹ wá kọ̀wé gbe ara yín ni. Ó kéré tán, ẹ dé agboolé mẹ́ta, kí tọ̀kọ̀ọ̀kan sì dúró lọ́tọ̀. Ẹ má lù wọ́n pọ̀. Ẹ má fo àwọn obìnrin ilé. Ẹnu wọn ni oríkì pọ̀ sí.

Ìtẹ̀ka sórí ìwé àṣẹ máa ń jẹ́ kí wọ́n rò pé ilẹ̀ lẹ fẹ́ gbà. Ẹ sọ fún ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ìwádìí ní yunifásítì yín, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, pé ẹnu lẹ ó fi gba àṣẹ, kí àṣẹ náà sì wà nínú ohùn tí ẹ gbà. Bí wọ́n bá ní, "Awo nìyí," ẹ pa ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lójú wọn. Ẹ má délé kọ ọ́ látorí.

Ẹ to ẹ̀rọ náà sí WAV (irú fáìlì ohùn tí a kò fún pọ̀), 48 kHz, bít 24, mono (ọ̀nà ohùn kan ṣoṣo): wákàtí kan jẹ́ bíi 520 MB. Kí maikirofóònù jìnnà sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 sẹ́nu, kí ẹ sì pa fáànù.

Ẹ fi àmì ohùn sí gbogbo ọ̀rọ̀. Bí "orò" bá di "oró" lórí ìwé, májèlé lẹ kọ fún Ọ̀fà.

Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ ní 1897; ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù ní Ìlú Ọba. Ó kú ní 1901, àbúrò rẹ̀ ló tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀, wọ́n sì tó tẹ̀ ẹ́ ní 1921. Kí tiyín má baà sọnù bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, kí ọ̀kan wà nílùú mìíràn, kí ọ̀kan sì wà lọ́wọ́ ẹbí, lórí fóònù tí ìyá àgbà fúnra rẹ̀ lè tẹ̀ gbọ́.