Bí mo ṣe yọ ìlà ọ̀dà lára ọkọ̀ mi nílé

Toyota Avalon 2003 ni ọkọ̀ mi, àwọ̀ búlúù tó ṣú bí aṣọ tí wọ́n rẹ láró lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé e dé Abẹ́òkúta ni ìlà góòlù méjì ti wà lára rẹ̀. Ọ̀kan fẹ̀ bí okùn bàtà, ìkejì tín-ín-rín bí òwú, wọ́n sì jọ ń tẹ̀ lé ara wọn láti ẹ̀gbẹ́ iná iwájú títí dé iná ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ọkọ̀ ló máa ń fa irú ìlà báyìí sára ọkọ̀ tuntun kí wọ́n tó tà á, wọ́n á sì fi owó rẹ̀ lé owó ọkọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó kọ́kọ́ rà á fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tó fi máa di tèmi, oòrùn ti jẹ góòlù náà, ó ti sán kéékèèké, ó sì ti ń bó lára ilẹ̀kùn awakọ̀ bí èèpo ara tó ń ṣí.

Mo gbé e lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń kun ọkọ̀. Ó yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Màmá, ìlà yìí ò ṣeé yọ o. Ẹ jẹ́ ká fá ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ká wá kùn ún lọ́tun."

Mo ní, "Ọmọ mi, wò ó dáadáa. Ṣé kì í ṣe first body nìyí?"

Ó ní first body ni, ìyẹn ni pé ọ̀dà ilé iṣẹ́ ló ṣì wà lára rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ rò ó wò.

Gbogbo ẹni tó bá ti ta tòkunbọ̀ rí ló mọ ohun tí ọ̀rọ̀ méjì yẹn ń ṣe sí owó ọkọ̀. Ọ̀dà tí wọ́n kùn ní ilé iṣẹ́, inú ooru ni wọ́n ti yan án kó tó gbẹ. Bí a bá ti fá a kúrò, ó ti lọ nìyẹn. N kò ní torí ìlà tó fẹ̀ bí okùn bàtà bọ́ awọ ara ọkọ̀ mi.

Àdìrẹ ni mò ń ṣe ní Ìtòkú, ó ti lé ní 30 ọdún. Ohun tí iṣẹ́ yẹn kọ́ mi ni pé kí n tó sọ pé nǹkan ò ṣeé yọ, kí n kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó wọ inú aṣọ ni, tàbí orí aṣọ ló jókòó sí. Aró máa ń wọ inú aṣọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ láfún tí a fi ìyẹ́ adìẹ yà sórí aṣọ, orí aṣọ ló wà. Bí aró bá ti mú tán, a óò họ ẹ̀kọ náà kúrò, funfun abẹ́ rẹ̀ á yọ. Ọ̀nà kan náà ni mo gbà wo ìlà ara ọkọ̀ yìí.

Ọ̀dà ara ọkọ̀ òde òní wà ní ipele ipele. Lórí irin ni wọ́n ti kọ́kọ́ kun èyí tí kì í jẹ́ kó dógùn-ún, wọ́n á kun àwọ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi kílíà bò ó, ìyẹn ọ̀dà tó mọ́ gaara, tó ń mú kí ọkọ̀ dán. Kílíà yìí ni kí ẹ máa rò ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ náà. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, nǹkan bíi 0.05 mìlímítà ni. Ìwé A4 kan ṣoṣo nípọn tó 0.1 mìlímítà, ẹ wá fojú inú wo ìdajì rẹ̀. Òun nìkan ló dúró láàrin oòrùn àti àwọ̀ ọkọ̀ yín. Bí ẹ bá fá a kọjá, kò sí pólíṣì tó lè dá a padà.

Ìdánwò àkọ́kọ́, ẹ fi èékánná àtàǹpàkò fà kọjá lórí ìlà náà, láti òkè sí ìsàlẹ̀, kí ẹ rọra fà á. Bí èékánná yín bá kọ́ díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn fi ọwọ́ kan ojú rírán lára aṣọ, orí kílíà ni ìlà wà, ó ṣeé yọ. Bí ó bá ń yọ̀ bí ojú gíláàsì láìkọ́ rárá, abẹ́ kílíà ni wọ́n fà á sí ní ilé iṣẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀, nítorí ẹ kò lè dé ibẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ba kílíà jẹ́. Ẹ wo ìparí ìlà náà pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ téèpù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, etí rẹ̀ máa ń gé gbọọrọ, èékánná sì lè gbé igun rẹ̀ sókè. Díráyà tí wọ́n fi ń gbẹ irun ti tó fún un, kí ẹ mú un gbóná díẹ̀, kí ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀. Èyí tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì yà máa ń tín-ín-rín lọ ní ìparí bí ṣóńṣó ewé àlùbọ́sà. Bẹ́ẹ̀ ni tèmi rí.

Ìdánwò kejì ló ṣe pàtàkì jù, ibẹ̀ sì ni nǹkan ti ṣe mí. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ọ̀dà ilé iṣẹ́ ló ṣì wà lábẹ́ ìlà náà. Ẹ fi tínà díẹ̀, ìyẹn oògùn olómi tó ń tú ọ̀dà, sórí òwú funfun, kí ẹ fi nu ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn lóde, níbi tí ojú kì í tètè dé, fún bíi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Kì í ṣe inú, níbi tí ilẹ̀kùn ń pa sí, nítorí ẹni tó bá tún ọkọ̀ kùn kì í sábà kùn ún dé ibẹ̀. Bí òwú bá funfun síbẹ̀, ọ̀dà ilé iṣẹ́ ni, tàbí ọ̀dà tó lágbára bíi tirẹ̀. Bí ó bá mú àwọ̀ ọkọ̀, wọ́n ti kùn ún rí, tínà á sì tú u bí omi ṣe ń tú ẹ̀kọ tí kò gbẹ.

Ilẹ̀kùn awakọ̀ nìkan ni mo dán wò. Òwú mi funfun nini, ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tí mo wá dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì, ìnù kan péré, aṣọ ọwọ́ mi di búlúù. Mo yára da omi sí i, ṣùgbọ́n ó ti fi ojú kan tó ràgòdò sílẹ̀ níbẹ̀, tó ìdérí ìgò mínírà. Ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún mi búra pé kò sí ibi tí wọ́n fọwọ́ kàn lára rẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Nítorí náà, ilẹ̀kùn mẹ́rin ni kí ẹ dán wò, bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìbàdí ẹ̀yìn ọ̀tún àti tòsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bọ́ńpà wà lọ́tọ̀ tirẹ̀, nítorí rọ́bà ni. Ẹ má fi tínà kàn án rárá.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ máa nílò. Aṣọ òwú àtijọ́ tó pọ̀, kó jẹ́ èyí tí ẹ ti fọ̀ dáadáa, kẹrosíìnì, tínà díẹ̀, téèpù oníwèé tí àwọn tó ń kun ọkọ̀ máa ń lò, káàdì ATM tó ti kú, rubbing compound (kọ́ńpáùndì, ìpara tó ń fá ojú ọ̀dà díẹ̀díẹ̀) àti pólíṣì, korobá omi méjì, ọ̀kan tó ní ọṣẹ, ọ̀kan tí kò ní. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ fi nǹkan bo imú. Iná kò gbọ́dọ̀ sí nítòsí. Lọ́dọ̀ mi, a máa ń dáná sábẹ́ ìkòkò omi tí a fi ń yọ àbẹ́là kúrò lára àdìrẹ. Mo ní kí wọ́n pa á, kí wọ́n sì da omi sí eérú, kí n tó ṣí ìdérí tínà.

Òwúrọ̀ kùtù ni kí ẹ ṣe é, níbi òjìji ògiri. Abẹ́ igi máa ń kán oje àti ìdọ̀tí sára ọkọ̀. Ẹ má ṣe é nígbà ọyẹ́ pẹ̀lú, torí eruku ọyẹ́ tó bá wọ abẹ́ aṣọ ìnù, òun gan-an ti di sáńpépà. Ẹ fọ ọkọ̀ mọ́ tónítóní, kí ó gbẹ, kí ẹ wá lẹ téèpù mọ́ òkè àti ìsàlẹ̀ ìlà náà, kí ó fi jẹ́ pé góòlù nìkan ló hàn.

Kẹrosíìnì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ rẹ òwú sínú rẹ̀, kí ẹ tẹ́ ẹ lé ìlà náà lórí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ nù ún. Ìlà tí ọ̀dà rẹ̀ kò lágbára lè tẹ̀ lé e wá. Tèmi kò mira, ìdọ̀tí àti òróró ojú rẹ̀ nìkan ló ṣí. Ni mo bá bọ́ sórí tínà. Mo ká aṣọ òwú mọ́ ìka, mo tọ́ ọ sínú tínà, mo fún un kó má bàa máa kán, mo wá fi fà lórí ìlà náà ní apá kan ṣoṣo, ibi tó gùn bí àtẹ́lẹwọ́. Mo ka ení, èjì, dé àrún, mo sì fi aṣọ tútù nù ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo dúró díẹ̀, mo tún ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, góòlù náà ò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òrí tó rí oòrùn. Mo fi etí káàdì ATM tì í, mo dà á lé ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Ó ká jọ níwájú káàdì náà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí èèpo àlùbọ́sà. Abẹ́ rẹ̀ ń dán. Mo pe ọmọ mi wá wò ó.

Ẹ má jẹ́ kí ó wù yín láti yọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi èyí tó bá ṣẹ́kù bí òjìji sílẹ̀ fún kọ́ńpáùndì. Ẹ má mú bíléèdì irin súnmọ́ ọn. Ẹlòmíì á sọ fún yín pé kí ẹ fi ọ́ìlì bíréèkì pa á. Òótọ́ ni pé ó máa ń jẹ ọ̀dà, kò sì ní mọ ibi tí ọ̀dà ìlà parí sí tí ti ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Kọ́ńpáùndì, bíi hóró ẹ̀wà kan ti tó lórí aṣọ tó tutù díẹ̀. Ẹ fi ra ojú ìlà náà lọ ra á bọ̀ ní ogún ìgbà, kí ẹ nù ún, kí ẹ wo aṣọ yín. Góòlù lẹ fẹ́ rí níbẹ̀. Bí ẹ bá rí àwọ̀ ọkọ̀ lára aṣọ, ẹ dúró: kílíà ti tán níbẹ̀. Ilẹ̀kùn tèmi tí wọ́n tún kùn kò ní kílíà, gbogbo ìgbà ló ń mú aṣọ di búlúù, ìdí nìyẹn tí mo fi ṣe é níwọ̀nba, ìka méjì, láìtẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe ilẹ̀kùn yẹn nìkan.

Ibi kan tún wà tó gba ìṣọ́ra. Ìlà wọ̀nyí sábà máa ń gba ibi tí irin ara ọkọ̀ ti ṣẹ́ po, tó ní etí. Orí etí yẹn ni ọ̀dà ti máa ń fẹ́lẹ́ jù. Ìka kan ṣoṣo ni kí ẹ lò níbẹ̀.

Sáńpépà ńkọ́? Ó ṣeé lò, ṣùgbọ́n kó jẹ́ òun ló kẹ́yìn, níbi tó bá ti le koko nìkan. Nọ́ńbà tó bá pọ̀ ló kúnná. 2000 ni kí ẹ rà, kí ẹ sì ní 3000 tí ẹ máa fi tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá mú 400 bọ̀, ẹ dá a padà sílé. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ, kí ẹ gé rọ́bà sìlípáàsì àtijọ́ kan, kí ẹ ká sáńpépà mọ́ ọn kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìfà márùn-ún sí mẹ́fà, omi, kí ẹ wò ó. Omi tó bá funfun bí omi wàrà, kílíà lẹ ń rí yẹn, ẹ má sì jẹ́ kó pọ̀. Ibi méjì ni mo ti lò ó lára ọkọ̀ mi, kò gùn ju ìka mi lọ.

Bí góòlù bá lọ tán, ẹ ó tún rí ìlà síbẹ̀. Kí àyà yín má já. Ibi tí ìlà bò kò rí oòrùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti fà á, ó ṣì ṣú, ó ṣì ń dán, nígbà tí àyíká rẹ̀ ti ṣá. Kì í ṣe ojú ìlà ni kí ẹ tún máa ra. Àyíká rẹ̀ ló yẹ kí ẹ gbé sókè. Ẹ ṣí téèpù kúrò, kí ẹ fi kọ́ńpáùndì ra gbogbo ilẹ̀kùn náà, kí ẹ sì fi pólíṣì tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi nìyí. Apá ro mí. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ, kí ẹ wá fi ìda ọkọ̀ pa á lára.

Lápá ọ̀tún, kò sí ohun tí ojú lè rí mọ́. Lápá òsì, bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá dà lé e lára láti ẹ̀gbẹ́, mo ṣì ń rí ibi tí ìlà tó fẹ̀ gbà kọjá lórí ilẹ̀kùn iwájú, bí àpá abẹ àtijọ́. Ọmọ mi ní kí n tún fi kọ́ńpáùndì ra á. Mo ní rárá. Kílíà tó wà níbẹ̀ ni mo fẹ́ jù.