Bí mo ṣe kan àgò ìtúsílẹ̀ fún àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ tí mo tọ́jú

Nígbà tí mo ti já àwọn ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́ tí mò ń tọ́ lẹ́nu wàrà, tí ìrù wọn kún, tí wọ́n sì ń fọ́ èso líle fúnra wọn, inú ilé kò gbà wọ́n mọ́. Síbẹ̀, wọn kò tíì lè dá gbé inú igbó. Ọ̀kẹ́rẹ́ tí kò sùn síta rí kò mọ òjò, kò sì mọ ibi tí yóò sá wọ̀ bí àṣá bá ń rábàbà. Mo kan àgò ńlá síta, lẹ́bàá igi, kí wọ́n lè fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan mọ àyíká kí n tó ṣílẹ̀kùn. Òfin lórí ẹranko igbó yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, nítorí náà àṣẹ ni mo kọ́kọ́ gbà.

Fífẹ̀ àgò náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4, jíjìn rẹ̀ 4, gíga rẹ̀ 8. Mi ò fi gíga ṣeré rárá, torí òkè ni ọ̀kẹ́rẹ́ máa ń sá sí bí ẹ̀rù bá bà á. Pákó tí wọn kò fi oògùn ikán rẹ́ ni mo lò. Eyín iwájú ọ̀kẹ́rẹ́ kì í dẹ́kun àtihù, kò sì ní í yé gé igi jẹ. Oògùn tó bá wà lára pákó, inú rẹ̀ ló ń lọ.

Wáyà ni iṣẹ́ gan-an. Wáyà àgò adìẹ kò dára: eku lè gé e, ẹranko ńlá sì lè fà á ya. Èyí tó nípọn, tí wọ́n jó pọ̀, tí ojú ihò rẹ̀ kò ju ìdajì íǹṣì lọ, ni mo rà. Inú ni mo kàn án sí, kì í ṣe ìta, kí eyín wọn má baà kan pákó. Skúrù àti wáṣà ni mo fi dè é mọ́ pákó, nítorí ìṣó kékeré máa ń tú bí ẹranko bá ń tì í lóru. Mo tẹ́ wáyà sí ìsàlẹ̀ náà, torí ohun tó bá gbẹ́ ilẹ̀ wọlé kò ní í fi nǹkan kan sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dín owó kù, kó dín in níbòmíràn.

Mo fi páànù bo ìdajì òrùlé, mo fi wáyà nìkan bo ìyókù. Oòrùn ṣe pàtàkì fún wọn: òun ló ń jẹ́ kí ara wọn ṣe fítámì D, èyí tí calcium fi ń wọ eegun. Abẹ́ páànù ni mo gbé àpótí ìtẹ́ kọ́, tí mo fi ewé gbígbẹ kún. Ẹ̀ka igi tútù tó ṣì ní èèpo àti ewé ni mo tò sínú àgò náà, mo sì fi àwọn kan sílẹ̀ láìdè kí wọ́n máa mì, kí ọ̀kẹ́rẹ́ lè kọ́ bí ẹ̀ka ṣe ń tẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀.

Ilẹ̀kùn méjì ni àgò náà ní. Tèmi wà nísàlẹ̀. Tiwọn jẹ́ ihò kékeré lókè pátápátá, tí ẹ̀ka kan so ó pọ̀ mọ́ igi ìta, kí wọ́n má baà gba ilẹ̀ kọjá, níbi tí ológbò ti ń dọdẹ. Mo dín ọ̀rọ̀ sísọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kù, kí wọ́n má baà máa fọkàn tán gbogbo ènìyàn.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí kò sí àmì òjò ni mo ṣí ihò òkè náà, mo sì kúrò níbẹ̀. Mo ń gbé oúnjẹ àti omi síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mi ò sì ti ihò náà pa, torí àwọn kan ṣì ń padà wá sùn nínú àpótí. Ìgbà tí mo rí i pé oúnjẹ kò tán mọ́ ni mo tó dín in kù díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo kó ewé àti ẹ̀ka àtijọ́ dànù, tí mo fọ gbogbo àgò náà, tí mo sì jẹ́ kó gbẹ nínú oòrùn de àwọn tó ń bọ̀.