Bí a ṣe ń rìnrìn àjò afẹ́ yí Gánà ká láìkánjú

Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó bá sọ pé òun ti dé Gánà, Accra ló dé. Ó wọ bàálù n'Íkẹjà, ó sùn sí Osu tàbí East Legon, ó ya fọ́tò létí òkun Labadi, ó padà sílé. Kò burú, àmọ́ Gánà ṣì kù nílẹ̀. Ẹkùn 16 ni wọ́n pín orílẹ̀-èdè náà sí láti ọdún 2019. Etíkun rẹ̀ kò jọ igbó àwọn Ashanti, igbó Ashanti kò sì jọ pápá ilẹ̀ Dagomba lápá àríwá. Bí ẹ ṣe ń kúrò ní ẹkùn kan sí òmíràn ni oúnjẹ ń yí padà, tí ìkíni àti bí wọ́n ṣe ń kọ́lé náà ń yí padà.

Ẹni tó bá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níbí. Ohun tí mo sì fẹ́ kó ṣe ni kó yan ibùdó díẹ̀, kó sì pẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ẹ kọ́kọ́ mú àsìkò

Òjò ń rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ní gúúsù Gánà, bíi ti ilẹ̀ wa. Lápá àríwá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, láti nǹkan bí oṣù Karùn-ún títí dé oṣù Kẹwàá. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, ló bá gbogbo ẹkùn mu. Ṣùgbọ́n oṣù Kejìlá jẹ́ ti ayẹyẹ ní Accra: àwọn tó wá láti Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà kún ìlú, owó hòtẹ́ẹ̀lì a sì gbówó lórí. Bó bá jẹ́ tèmi, oṣù Kejì ni mo máa mú. Ariwo ọdún ti lọ, ọyẹ́ ti ń dẹ̀, adágún inú igbó sì ti gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn erin Mole, ọgbà ẹranko ńlá lápá àríwá, kò ní ibòmíì tí wọ́n máa mumi ju ibi tí èèyàn ti lè rí wọn.

Ohun kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ wò kẹ́ ẹ tó fẹnu kò sí ọjọ́ kankan: Akwasidae. Ọjọ́ Àìkú kan ni, ó máa ń bọ́ sí ọjọ́ 42 síra wọn, nígbà tí ọba Ashanti, Otumfuo Osei Tutu Kejì, tó gorí oyè lọ́dún 1999, máa ń jókòó ní gbangba ní ààfin Manhyia ní Kumasi láti gba ìkíni àwọn ìjòyè. Ìlù fontomfrom, agboòrùn ńláńlá, wúrà lọ́rùn àti lọ́wọ́. Ẹni tí ààfin ò ṣàjèjì sí láti ilé náà máa lanu sílẹ̀. Àlejò lè wọlé wò ó. Ẹ wá ọjọ́ tó bọ́ sí lọ́dún yín, kẹ́ ẹ fi ṣe òpó ìrìn àjò náà, kẹ́ ẹ sì ka ọjọ́ yòókù síwájú àti sẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ pín òru, kẹ́ ẹ tó pín ìlú

Bí mo ṣe máa pín in rèé: òru mẹ́ta ní Accra, márùn-ún létíkun ní Cape Coast tàbí Elmina, márùn-ún ní Kumasi, márùn-ún lápá àríwá, mẹ́ta ní ẹkùn Volta. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fi wọkọ̀ láti ibùdó kan sí èkejì, ẹ má fi ohun ìwòran kankan sí i. Accra sí Cape Coast kò ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta lọ bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò bá mú yín, ṣùgbọ́n Kumasi sí Tamale lè gba odindi ọjọ́. Ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ọjọ́ kan sílẹ̀ pátápátá láìfi nǹkan kan sí i. Ọjọ́ yẹn lẹ máa mọ ìyá tó ń ta waakye, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀, ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, tó bá sì di ọjọ́ kejì, á ti mọ iye ata tẹ́ ẹ fẹ́.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ ní, ẹ yọ ibùdó kan kúrò. Ẹ má gbìyànjú láti fún gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ìwé, owó, ọkọ̀

Ọmọ Nàìjíríà, Benin àti Togo kò nílò físà. Àdéhùn ECOWAS tọdún 1979 fàyè gbà wá fún 90 ọjọ́. Ẹ mú ìwé ìrìnnà tí kò tíì kú àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà apọ́njú, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí yẹ́lò káàdì. Wọ́n máa bi yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lo ìwé ìrìnnà Bìrìtìkó tàbí ti Amẹ́ríkà, ẹ wádìí ọ̀rọ̀ físà lọ́dọ̀ aṣojú Gánà kẹ́ ẹ tó sanwó bàálù.

Cedi ni owó wọn. Náírà kì í níyì tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́wó níbẹ̀, nítorí náà dọ́là tàbí káàdì báńkì sàn jù. Ẹ fi ìwé ìrìnnà ra síìmù ní ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dé, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n ṣí owó orí fóònù síbẹ̀ fún yín. MoMo ni wọ́n ń pè é, kò sì sí ibi tí wọn kì í gbà á, títí kan ọ̀dọ̀ alágbàdo. Aago Gánà fi wákàtí kan wà lẹ́yìn ti Nàìjíríà; ẹni tó bá gbàgbé èyí á kàn tètè dé ibùdókọ̀ ni.

Fún ọ̀nà jíjìn, bọ́ọ̀sì STC tàbí VIP, tó ní àga tó dáa. Fún ìtòsí, trotro, tí í ṣe dánfó tiwọn. Ẹ má rìn lóru láàárín ìlú sí ìlú.

Accra: ẹ má pẹ́ jù

Ibi tí Kwame Nkrumah, ààrẹ àkọ́kọ́ Gánà, ti kéde òmìnira lóru 6 oṣù Kẹta ọdún 1957 ti di ọgbà ìrántí rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n sin ín sí. Ẹ lọ síbẹ̀ láàárọ̀. Nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ rìn ní Jamestown, láti ilé iná atọ́nà-ọkọ̀ òkun dé ibi tí àwọn apẹja ń tún àwọ̀n ṣe. Brazil House wà níbẹ̀, ilé àwọn Tabom, ọmọ ẹrú tó padà wá láti Brazil ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹni tó bá mọ àwọn Àgùdà ní Pópó Àgùdà l'Ékòó á mọ irú ẹbí tí wọ́n jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ṣàlàyé. Ẹ jẹ kenkey, ẹ̀kọ wọn tó le, àti ẹja díndín pẹ̀lú shito, ata dúdú wọn. Ó tó.

Etíkun: ilé ẹrú méjì, ọjọ́ méjì

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé àwọn afinimọ̀nà láti Accra máa ń kó èèyàn lọ wo ilé olódi Cape Coast, ti Elmina àti igbó Kakum lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ má gbà. Ilé olódi Elmina, tí àwọn Pọtogí kọ́ lọ́dún 1482, tí àwọn Dọ́ọ̀ṣì gbà lọ́wọ́ wọn lọ́dún 1637, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń wò kó tún lọ fò lórí okùn lẹ́yìn wákàtí kan. Wọ́n á mú yín wọ yàrá ìsàlẹ̀ tí wọ́n há àwọn obìnrin mọ́, wọ́n á fi ẹnu ọ̀nà tóóró tó já sí ọkọ̀ hàn yín. Ní Cape Coast, ilé ìjọsìn wà lókè gan-an, àhámọ́ àwọn ọkùnrin sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi òru kan sáàárín méjèèjì. Yàrá kan tún wà ní Elmina tí wọ́n fi Prempeh Kìíní, ọba Ashanti, sí lọ́dún 1896 kí wọ́n tó gbé e lọ sí Sierra Leone, lẹ́yìn náà sí erékùṣù Seychelles. Ẹ fi orúkọ náà sọ́kàn. Ẹ máa tún pàdé rẹ̀ ní Kumasi.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gun òkè St. Jago tó kọjú sí ilé olódi Elmina, kẹ́ ẹ wo àwọn ọkọ̀ ẹja tí wọ́n fọ̀dà kùn bí wọ́n ṣe ń ti òkun wọ ọ̀sà Benya. Bó bá jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo ọkọ̀ ló máa wà lórí ìdúró, torí èèwọ̀ ni láti pẹja nínú òkun lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ àwọ̀n títúnṣe ni, ọjọ́ àròyé ni, ó sì dáa púpọ̀ fún ẹni tó fẹ́ bá apẹja tàkúrọ̀sọ.

Kakum ní ọjọ́ tirẹ̀. Afárá okùn méje ni wọ́n so mọ́ orí igi, ibi tó ga jù nínú wọn sì tó nǹkan bí 40 mítà sílẹ̀. Ẹ débẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i, kí bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé tó dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ igbe ẹ̀rù wọn nìkan lẹ máa gbọ́.

Kumasi: ibi tó yẹ kẹ́ ẹ rọra jù

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Manhyia. Ilé tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́ fún Prempeh nígbà tó dé láti ìgbèkùn lọ́dún 1924 ni. Ó ní òun ò ní gbé inú rẹ̀ àfi tí wọ́n bá san owó rẹ̀ padà fún Gẹ̀ẹ́sì, àwọn Ashanti sì san án.

Ọjọ́ kejì, ẹ lọ sí Bonwire, ìlú tí wọ́n ti ń hun kente. Ẹni tó bá ti rí òfì ní Ìsẹ́yìn á mọ ohun tó ń wò: ọkùnrin ló jókòó sídìí rẹ̀, aṣọ tóóró tóóró ló ń jáde, wọ́n á wá rán wọn pọ̀. Ibi tí àwọ̀ àti iṣẹ́ ọnà ti yàtọ̀ ni kẹ́ ẹ bi wọ́n léèrè, torí gbogbo àwòrán ló ní orúkọ. Ẹ ra ìjá kan lọ́wọ́ ẹni tó hun ún gan-an, kẹ́ ẹ sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò: kente tí wọ́n hun máa ń ní àwọ̀ lójú àti lẹ́yìn, ti ẹ̀rọ tí wọ́n tẹ̀ máa ń ṣá lẹ́yìn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ má lọ ibì kankan. Ọjọ́ òkú ni fún àwọn Ashanti. Aṣọ dúdú àti pupa ló máa kún ojú títì. Bí ẹnì kan ní hòtẹ́ẹ̀lì bá pè yín dání, ẹ wọ aṣọ tó dúdú, kẹ́ ẹ bọ àwọn àgbà tó jókòó lọ́wọ́ láti apá ọ̀tún yín lọ sí òsì, kẹ́ ẹ sì fi nǹkan díẹ̀ ta ẹbí lọ́rẹ. Wọ́n á kọ orúkọ yín sílẹ̀, wọ́n á já rìsíìtì fún yín.

Ọjọ́ tó kù, ẹ sùn sí etí adágún Bosomtwe. Òkúta kan tó já bọ́ láti ojú ọ̀run ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún kan sẹ́yìn ló gbẹ́ kòtò náà, òkè sì yí i ká.

Àríwá

Ẹ dá ìrìn náà sí méjì ní Kintampo, níbi tí omi ti ń já wálẹ̀ láti orí àpáta, tẹ́ ẹ sì lè wẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, igi ń dín, mọ́ṣáláṣí ń pọ̀. Ẹ kọ́ ìkíni tuntun: ní Kumasi, Maakye ni wọ́n ń kí láàárọ̀; ní Tamale, Dasiba ni, ẹ sì fi Naa dáhùn. Oúnjẹ ibẹ̀ ni tuo zaafi, tuwó wọn, pẹ̀lú ọbẹ̀ ayoyo, tí kò sí nǹkan mìíràn tó jẹ́ ju ewédú lọ. Ilé ò jìnnà.

Kò sì jìnnà lóòótọ́. Ṣáájú 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, tí ìjọba Gánà lábẹ́ Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò níwèé kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti ìlú míì nílẹ̀ Yorùbá wà káàkiri ọjà ìhà yìí. Bí ìyá àgbà yín bá gbé Gánà rí, ẹ bi í ní orúkọ àdúgbò náà kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Ní Mole, ẹ mú yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì orí gegele tó kọjú sí ibi tí erin ti ń mumi. Ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ lé ẹ̀ṣọ́ oníbọn ní kùtùkùtù, ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. Tí ẹ kò bá rí erin lọ́jọ́ kìíní, ẹ ní ọjọ́ kejì. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ pẹ́ nìyẹn. Mọ́ṣáláṣí alámọ̀ ti Larabanga wà nítòsí ẹnu ọ̀nà igbó. Ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kì í wọ inú rẹ̀. Ẹ yẹra fún agbègbè Bawku, níbi tí ìjà oyè ti ń gba ẹ̀mí èèyàn.

Volta, kẹ́ ẹ sì máa bọ̀

Ẹ wọ bàálù láti Tamale padà sí Accra, nǹkan bíi wákàtí kan, kẹ́ ẹ wá gba ọ̀nà ìlà-oòrùn lọ sí Hohoe. Ní Atimpoku, lẹ́bàá afárá Adomi, ẹ ra abolo, oúnjẹ àgbàdo tí wọ́n fi ooru omi sè, àti àwọn ẹja kéékèèké díndín lójú fèrèsé ọkọ̀. Omi Wli, nítòsí Hohoe, ló ga jù nínú àwọn ọ̀sọ̀rọ̀ Gánà. Ọ̀nà ibẹ̀ tẹ́jú, àdán sì kún ara àpáta rẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi mọ́tò wálé, Aflao ni ẹnubodè, ìlú Lomé sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Ẹ ṣẹ́ cedi tó kù sí owó CFA kẹ́ ẹ tó débẹ̀, kẹ́ ẹ kó owó kéékèèké sápò ọ̀tọ̀ fún ọkọ̀ Cotonou, kẹ́ ẹ sì tètè gbéra láàárọ̀, torí ẹnubodè tó wà níwájú yín ṣì ku méjì: Hilla-Condji àti Sèmè.