Bí ẹ ṣe máa dá ọkọ̀ àti hẹlikọ́pítà Nẹ́fì Nàìjíríà mọ̀ láti òkèèrè

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Nẹ́fì wa ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ìgbàkígbà tí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀ lórí omi, bóyá àwọn ajalèlókun gba ọkọ̀ kan ni o, bóyá wọ́n mú àwọn tó ń jí epo rọ̀bì ni o, kíá lẹ máa rí i tí wọ́n ti ń pín fọ́tò kiri lórí WhatsApp àti Facebook pé ọkọ̀ ogun wa rèé, tẹ́ ẹ bá wá wò ó dáadáa, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tàbí ti India ni. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí a ní tiwa, wọ́n lórúkọ, wọ́n nítàn, owó ìlú la sì fi rà wọ́n, ó yẹ ká dá wọn mọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ NNS tó máa ń ṣáájú orúkọ wọn, Nigerian Navy Ship ni. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sáré o, kì í ṣe gbogbo NNS ló wà lórí omi. Nẹ́fì máa ń fi NNS sí orúkọ bárékè náà, ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tó wà nídìí ẹ̀ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1956 ni àṣà yẹn ti wá. NNS Beecroft tó wà ní Apapa, bárékè ni. NNS Pathfinder ní Port Harcourt, NNS Delta ní Warri, NNS Victory ní Calabar, títí kan NNS Lugard ní Lokoja lọ́hùn-ún, orí ilẹ̀ ni gbogbo wọn jókòó sí. Torí náà tí ìwé ìròyìn bá ní NNS Delta mú ọkọ̀ tó kó epo jíjí, ẹ má lọ máa wá fọ́tò ọkọ̀ ńlá kan tó ń jẹ́ Delta, àwọn ọmọ ogun bárékè yẹn ló gbé bóòtì kéékèèké jáde, tí wọ́n wọ inú kọ̀rọ̀ omi lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà. Lẹ́tà kan àti nọ́ńbà máa wà níbẹ̀ gàdàgbà, bíi nọ́ńbà ara mọ́tò ló rí, òun ló sì ń sọ irú iṣẹ́ tí ọkọ̀ náà ń ṣe. F ni ti àwọn ńlá tó ń lọ jìnnà sójú agbami. P ni ti àwọn tó ń yí etíkun ká. A ni ti àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́, wọn kì í ṣe ọkọ̀ ìjà gan-an. Àwọn tó ń kó sójà àti mọ́tò, LST ni wọ́n ń kọ sí tiwọn. Ẹ jẹ́ ká gbé àwọn F yẹwò dáadáa torí àwọn lèèyàn máa ń ṣì mọ̀ jù.

Bàbá gbogbo wọn ni NNS Aradu, F89. Ilé iṣẹ́ Blohm + Voss ní Hamburg, ní Jámánì, ló kàn án, 1982 ló wọ iṣẹ́ Nẹ́fì, ó gùn ju mítà 125 lọ. Ìbọn ńlá 127 milimítà ló wà ní imú ẹ̀, ó ní mísáìlì Otomat tí wọ́n fi ń bá ọkọ̀ míì jà, gáréèjì hẹlikọ́pítà sì wà lẹ́yìn. Nígbà tó dé yẹn, kò sí ẹgbẹ́ ẹ̀ ní gbogbo ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Àmọ́ ó ti pẹ́ tó ti wà lórí ìdúró, ọ̀rọ̀ àtúnṣe ẹ̀ là ń gbọ́ láti ọdún dé ọdún, ó sì ká mi lára. Nítorí náà tí ẹnikẹ́ni bá fi fọ́tò Aradu hàn yín pé àná ló lé ajalèlókun, ẹ mọ̀ pé fọ́tò àtijọ́ ni.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ agbami lóòótọ́ ni NNS Thunder, F90, àti NNS Okpabana, F93. Ọkọ̀ méjèèjì yìí, ọ̀dọ̀ Coast Guard Amẹ́ríkà, ìyẹn àwọn tó ń ṣọ́ etíkun wọn, ni wọ́n ti wá, Chase ni Thunder ń jẹ́ níbẹ̀, Gallatin ni Okpabana, láti 1968 sì ni wọ́n ti ń bá Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó fún wa ní Thunder ní 2011 àti Okpabana ní 2014. Wọ́n gùn tó mítà 115. Ohun tẹ́ ẹ máa fi mọ̀ wọ́n ni ihò èéfín méjì tó dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ọ̀kan lápá ọ̀tún ọ̀kan lápá òsì, tí gáréèjì hẹlikọ́pítà àti pápá tó ń bà sí wá wà lẹ́yìn wọn. Tẹ́ ẹ bá ti rí ihò èéfín méjì yẹn, tẹ́ ẹ sì rí F90 tàbí F93, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọkọ̀ àgbà ni wọ́n o, ṣùgbọ́n ẹ má fojú di wọ́n, Thunder yìí ló rìn láti Nàìjíríà dé Sydney ní Australia ní 2013 nígbà tí wọ́n pe ọkọ̀ ogun oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè jọ síbẹ̀. Okpabana sì wà lára iṣẹ́ tí wọ́n fi gba ọkọ̀ agbépo MT Maximus padà lọ́wọ́ àwọn ajalèlókun ní February 2016. Abidjan ni wọ́n ti gbé Maximus, wọ́n gbé e gba omi Ghana àti Togo kọjá, orílẹ̀-èdè kan ń ta èkejì lólobó, ìtòsí São Tomé ni àwọn ọmọ ogun wa ti gun orí ẹ̀ tí wọ́n sì gbà á. Iṣẹ́ irú ìyẹn, bóòtì kékeré ò lè ṣe é, ọkọ̀ tó lè pẹ́ lójú agbami tí epo ẹ̀ ò ní tètè tán ló lè ṣe é.

Wàhálà ọkọ̀ àgbà náà ni pé ó máa ń mu epo. Irú Thunder, ó ní ẹ́ńjìnnì dísùù, ó tún ní ẹ́ńjìnnì tọ́báìnì irú ti bàálù, tí wọ́n bá tan tọ́báìnì yẹn láti fi sáré, owó ńlá ló ń jó lọ yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé NNS Centenary, F91, àti NNS Unity, F92, wúlò fún wa jù fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. China ni wọ́n ti kàn wọ́n, ọ̀kan dé ní 2015, èkejì ní 2016, mítà 95 ni wọ́n gùn. Orúkọ Centenary yẹn, torí ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n da Àríwá àti Gúúsù pọ̀ ní 1914 ni. Ìbọn 76 milimítà ló wà ní imú wọn, irú ti Thunder náà nìyẹn, nítorí náà ẹ má fi ìbọn iwájú nìkan dá wọn mọ̀. Ẹ wo ilé orí wọn, ó tẹ́jú, ó dúró sójú kan, kò sí ihò èéfín méjì tó yọ gànnàgànnà, ìbọn kékeré 30 milimítà sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjì míì tún ń bọ̀ láti ilé iṣẹ́ Dearsan ní Turkey, àwọn yẹn máa gùn tó mítà 76, tí wọ́n bá ti dé ẹ máa ní tiwọn náà láti kọ́.

Ó yá, P. Àwọn ló pọ̀ jù, èèyàn ò lè mọ gbogbo wọn tán, ẹ ṣáà mọ̀ pé wọ́n kéré, wọ́n ń sáré, etíkun àti ibi tí wọ́n ti ń wa epo ni wọ́n ń ṣọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí kíkéré wọn ń fà, ẹ rántí ọ̀rọ̀ Heroic Idun ní August 2022. Ọkọ̀ agbépo ni, irú èyí tó ń gbé tó mílíọ̀nù 2 àgbá epo, ó wà nítòsí Akpo níbi tí wọ́n ti ń wa epo, NNS Gongola lọ bá a pé kó tẹ̀ lé òun, ó kọ̀, ó sá lọ, ó ń pariwo pé ajalèlókun ló ń lé òun. Báwo ni irú Gongola ṣe fẹ́ fi ara dí irú ọkọ̀ yẹn lọ́nà? Equatorial Guinea ló bá wa mú un, November ọdún yẹn ni wọ́n tó gbé e padà wá sí Nàìjíríà. Nítorí náà tí ẹnì kan bá sọ pé a ní ọkọ̀ púpọ̀, ẹ bi í pé P ló ń kà ni àbí F.

Nínú àwọn P yìí, àwọn mẹ́ta kan wà tó yẹ kí inú gbogbo wa dùn sí, Andoni tó wọ iṣẹ́ ní 2012, Karaduwa ní 2016, Oji ní 2021. Naval Dockyard ní Victoria Island níbí ni wọ́n ti kàn wọ́n, ọwọ́ ọmọ Nàìjíríà ni. Andoni ò ju mítà 31 lọ, Karaduwa gùn tó mítà 38. Àwọn P àtijọ́ ń kọ́, ìgbà 1980 sí 1981, àwọn tí wọ́n kàn ní Jámánì àti ní Cherbourg ní France, orúkọ ẹranko ni wọ́n fún wọn, Damisa, Agu, Siri, tiwa náà sì wà níbẹ̀, NNS Ekun, P183.

A ni ó kàn. NNS Ologbo wà níbẹ̀ o, A502. Òun, Kyanwa, Nwamba àti Obula, Coast Guard Amẹ́ríkà ló ń lò wọ́n tẹ́lẹ̀ láti fi tọ́jú àwọn bọ́ì tó ń júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ lórí omi, 2002 sí 2003 ni wọ́n fún wa. Wọ́n sanra, wọn ò sáré, kíréènì tí wọ́n fi ń fa bọ́ì sókè wà níwájú wọn, kíréènì yẹn ni kẹ́ ẹ wò. NNS Lana, A499, France ni wọ́n ti kàn án, ó dé ní 2021, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa wọn bí ìsàlẹ̀ omi ṣe jìn tó kí wọ́n lè fi ya máàpù òkun. Wọn ò lè fi jagun, ṣùgbọ́n tí kò bá sí i, àwọn tó kù á kàn máa fi orí gbá òkúta ni.

NNS Kada, LST 1314, kò ṣòro mọ̀ rárá. Sharjah ní UAE ni wọ́n ti kàn án, ó dé ní 2022, mítà 100 ni, ó fẹ̀ tó mítà 16, imú ẹ̀ ń ṣí sílẹ̀ tí mọ́tò ogun á wọlé tàbí jáde sí etí bèbè. Àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ Ambe àti Ofiom, Jámánì ni wọ́n ti wá ní 1979.

Ní ti òkè, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ti Nẹ́fì ni àbí ti Air Force. Tẹ́ ẹ bá rí NAF lára ẹ̀, ti Air Force nìyẹn. Ti Nẹ́fì máa ń ní NAVY tàbí NN. Bàálù ATR 42 tó ń fò lórí òkun tó ń ṣọ́ ajalèlókun, Air Force ló ni ín, ẹ má gbé e fún Nẹ́fì. Lynx tí wọ́n rà fún Aradu ní àwọn ọdún 1980 ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Hẹlikọ́pítà tẹ́ ẹ máa rí báyìí, AW109 ló pọ̀ níbẹ̀, AW139 náà wà. Ẹ ka apá fáànù orí ẹ̀ nígbà tó bá dúró sílẹ̀, mẹ́rin ni ti AW109, márùn-ún ni ti AW139 tó sì tóbi jù ú lọ. Nínú àwọn AW109 fúnra wọn, ẹ wo ẹsẹ̀. Tó bá ní táyà, Power ni, ti àtẹ̀yìnwá. Tó bá jẹ́ irin gbọọrọ méjì ló fi dúró, Trekker ni, ìyẹn tuntun. Ojo níbi Navy Town ni ibùdó wọn ní Èkó.

Ibo lẹ ti lè rí wọn? Tẹ́ ẹ bá wọ ferry láti CMS lọ sí Apapa, ẹ ó máa rí wọn lápá Apapa. Ṣùgbọ́n Tarkwa Bay ló dùn jù, torí gbogbo ọkọ̀ tó bá ń wọ Èkó gbọ́dọ̀ gba àárín ògiri òkúta méjì tó wà lẹ́nu omi yẹn, ó máa sún mọ́ yín débi pé ẹ máa ka nọ́ńbà ẹ̀ láìlo gíláàsì awòòkèèrè. Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ má gbé fóònù sókè máa ya fọ́tò bárékè tàbí ọkọ̀ tó so mọ́ ibùdó Nẹ́fì. Òfin wà lórí ẹ̀, Official Secrets Act, wọ́n lè gbé yín. Ẹ fi ojú wò ó, ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ó tán. Ẹ má sì rò pé app tí wọ́n fi ń wo ọkọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa fi wọ́n hàn yín, ọkọ̀ ogun sábà máa ń pa ẹ̀rọ yẹn.

Fún fọ́tò orí WhatsApp, àsíá ìdí ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ti Nẹ́fì wa funfun, àwọ̀ ewé-funfun-ewé Nàìjíríà wà ní igun òkè lápá òpó, àmì Nẹ́fì wà lápá kejì. Tí àsíá náà bá pupa, tí ti Nàìjíríà wà ní igun ẹ̀, ọkọ̀ oníṣòwò wa ni. Lẹ́yìn náà ẹ wo nọ́ńbà. Nọ́ńbà lásán láìsí lẹ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, Nẹ́fì Amẹ́ríkà ló máa ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. F nìkan ò tó o, torí India, South Africa àti Gẹ̀ẹ́sì náà ń lo F, ẹ gbọ́dọ̀ rí F89 sí F93 kẹ́ ẹ tó ronú pé ó lè jẹ́ tiwa. Tó bá ṣì ń rú yín lójú, ẹ jù ú sínú Google Lens, kẹ́ ẹ sì wá fọ́tò tí Nẹ́fì fúnra wọn gbé jáde nígbà Navy Week, tó máa ń bọ́ sí ìparí May sí June 1, ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ wo ìbọn imú, ẹ ka ihò èéfín, ẹ wo ibi tí nọ́ńbà wà.